"Shriek": Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Etí Olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a mú wá síwájú yín. Kò gùn, kò sì ṣòro láti pè. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ ọ́ sí pátákó láìṣe àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, "shriek" ni wọ́n sì ń kọ ọ́. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé àwa tí a ní ìwé púpọ̀ láti kà, tí ìdánwò sì ń bọ̀ níwájú, tún jókòó ti ọ̀rọ̀ kékeré bí èyí. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú wa ṣe àṣìṣe, ó sì ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. A kò sì fẹ́ kí ọgbọ́n náà mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan.

Ní àkókò tí a rán wa jáde láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, agbègbè Araromi-Obu, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni a bọ́ sí. Ẹni tí ó bá ti rin ìrìn-àjò láti Èkó lọ sí Ìbíní mọ Ọ̀rẹ̀ dáadáa, nítorí níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dúró kí àwọn èrò lè jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yà kúrò ní títì ńlá wọ inú ilẹ̀ Araromi-Obu kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ igbó ni, ilẹ̀ kòkó àti rọ́bà. Orúkọ ìlú náà tilẹ̀ ń sọ fún àlejò pé ara yóò rọ̀ ọ́ níbẹ̀, ara sì rọ̀ wá ní tòótọ́, bí kò ṣe ní ọjọ́ kan.

Ní ọjọ́ náà, ìwé kíkà tí a ń lò ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹranko òru. Ó sọ̀rọ̀ ẹranko kan tí ń gbé inú ihò igi, tí ń gun òkè igi nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ó sì ń "shriek" nínú òkùnkùn. Ọ̀wàwà ni ẹranko náà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀fàfà. A kọ "shriek" sí pátákó, a kọ "han" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ní kí àwọn ọmọ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n kà á tán, ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn sì na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ọ̀wàwà tiwa kì í han. Gbígbó ni ó ń gbó, sà, bí ajá tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, a sì ní kí ó jókòó, nítorí lójú wa nígbà náà, ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé kò lè jẹ́ irọ́. Nígbà tí a fún wọn ní iṣẹ́ láti kọ, ọmọ náà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀wàwà ń "bark" lóru. A fa ìlà pupa sí i, a sì gé máàkì rẹ̀.

A padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọkàn wa kò sì dá wa lẹ́bi rárá, títí a fi ka ohun tí àwọn onímọ̀ ẹranko kọ. Ní 2009, méjì nínú wọn, John Oates àti Simon Bearder, wà nínú igbó ìjọba ní Ìfọ́n, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà yìí, wọ́n ń wo bí àwọn ẹranko inú rẹ̀ ti ṣẹ́kù tó. Ní òru wọ́n gbọ́ igbe ọ̀wàwà, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé igbe náà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti ń gbọ́ ní ilẹ̀ mìíràn. Wọn kò rẹ́rìn-ín bí àwa ti ṣe. Àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Wọ́n fi igbe ọ̀wàwà 418, tí a gbà sínú ẹ̀rọ ní ilẹ̀ púpọ̀, wé ara wọn. Wọ́n wọn agbárí 69 tí ó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́fà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọ́n yẹ ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ọ̀wàwà 21 wò. Ní oṣù kẹfà 2021 wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Ọmọ Nàìjíríà sì wà láàrin àwọn tí ó kọ ọ́, Rachel Ikemeh.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí i pé ní ìwọ̀-oòrùn odò Volta, nínú ilẹ̀ Ghana, ọ̀wàwà a máa han ní ohùn gíga; ní ìlà-oòrùn Odò Ọya pẹ̀lú, a máa han bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí ó wà láàrin odò méjèèjì, láti apá kan Ghana, la Togo àti Benin já, dé ilẹ̀ Yorùbá wa títí dé etí Odò Ọya, ọ̀wàwà kì í han. Gbígbó ni ó ń gbó, gbígbó tí ó ń já wẹ́wẹ́ bí ẹni pé nǹkan ń mì nínú ọ̀fun rẹ̀. Agbárí rẹ̀ kúrú, ó sì fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Irun rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ju tiwọn lọ. Ṣáájú ìgbà náà, oríṣi kan ṣoṣo ni a ka gbogbo wọn sí, tí a ń pè ní Dendrohyrax dorsalis. Láti 2021 ni tiwa ti ní orúkọ tirẹ̀, Dendrohyrax interfluvialis, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ń gbé àárín odò méjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ rò ó. Ẹranko tí ó ti wà nínú igbó wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí àwọn ọdẹ wa mọ ihò rẹ̀, ni ayé ìwé kò mọ̀ yàtọ̀ títí di 2021. Ohun tí ó sì kọ́kọ́ fi í hàn kì í ṣe ojú, nítorí òkùnkùn ni ó fi ṣe aṣọ, etí ni. Àwọn kan gbọ́ ìró, wọ́n sì kọ̀ láti pè é ní ohun tí kì í ṣe. Ọmọ tí a gé máàkì rẹ̀ ní Araromi-Obu ti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, láìní ẹ̀rọ tàbí agbárí kankan lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa ti fẹ́ fi ọgbọ́n àgbà nìkan dá a, ó sì wó lé wa lórí.

Nítorí náà, èrò wa tí a fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ wò ni èyí: olùkọ́ tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo dí ẹnu ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, láìbi etí ara rẹ̀ léèrè, kò tíì kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba Yorùbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Igbe tí a ń pè ní "shriek" jẹ́ igbe òjijì, tí ó kúrú, tí ó ga, tí ó sì mú bí abẹ. Ẹni tí ó tẹ ejò mọ́lẹ̀ lójijì lè "shriek". Ìyá tí a mú ìròyìn ikú wá bá lè "shriek". Bí a bá dúró níbẹ̀, a ó rò pé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù àti ìrora nìkan ni. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì a tún máa sọ pé àwọn ọmọbìnrin ń "shriek" nígbà tí ẹ̀rín bá pa wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n ń lò ó fún afẹ́fẹ́ tí ń gba inú ihò fèrèsé kọjá lóru òjò, àti fún fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní "shrike", nítorí igbe rẹ̀ ni ó fi gba orúkọ náà. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé pàápàá a máa pe àmì ìyanu tí a ń fi sí ìparí gbólóhùn ní "shriek", bí ẹni pé gbólóhùn náà figbe ta nígbà tí ó parí. Ohun kan ni ó so gbogbo wọn pọ̀: ìró tí ó ga, tí ó dé lójijì, tí ó sì gún etí. Kì í ṣe ẹkún ni ó so wọ́n pọ̀, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù.

Àwọn ìbátan rẹ̀ sì wà nítòsí tí a máa ń pò mọ́ ọn. "Scream" ni igbe tí ó kún ẹnu, tí ó sì lè pẹ́. Ẹni tí ń ké fún ìrànlọ́wọ́ nínú iná kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. "Screech" jẹ́ ọmọ ìyá "shriek", nítorí orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ há, ó sì korò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kí ó dúró ní ẹ̀bá títì ní Ọ̀rẹ̀ nígbà tí tírélà bá tẹ bíréèkì lójijì; tàbí kí ó fi ẹfun gbígbẹ fa ilà sára pátákó títí eyín yóò fi kan gbogbo kíláàsì. "Squeal" ni ti ẹlẹ́dẹ̀ tí a di ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ti àwọn ọmọ kéékèèké tí omi tútù dà sí lára níbi eré. Ó gùn ju "shriek" lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ń lò ó fún ẹni tí ó tú àṣírí ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ó han bí ẹlẹ́dẹ̀ nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. "Squeak" kéré jù lọ nínú wọn: ti èkúté inú àjà ni, ti ìlẹ̀kùn tí ń bẹ̀bẹ̀ fún òróró, àti ti bàtà tuntun nínú ilé ìsìn tí ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó dára. Kí wá ni a ó pe gbogbo wọn ní Yorùbá? Bí a bá kọ "ké" sí ẹ̀gbẹ́ àwọn márààrún, a kò purọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ òótọ́ tán. Ọmọ tí ó bá gba "ké" gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ yóò kọ ọ́ pé ìyá òun "shriek" fún òun láti wá jẹun, yóò sì tún kọ ọ́ pé àkùkọ ń "shriek" ní ìdájí. Àwa tí a fi ọ̀rọ̀ náà fún un ni a ó sì tún fa ilà pupa sí i.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé èdè tiwa kì í ṣe èdè tí ó tòṣì ní ọ̀nà yìí. Yorùbá kì í da igbe àwọn ẹ̀dá pọ̀ mọ́ ara wọn. Ajá ń gbó, àkùkọ ń kọ, ẹṣin ń yán, erin ń fọn, kìnnìún ń bú ramúramù, ẹlẹ́dẹ̀ ń han. Ènìyàn lè ké, ó lè kígbe, ó lè lọgun, ó lè pariwo, ó lè figbe ta, ó lè han gooro. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ èdè kò ní fi ọ̀kan sí ipò èkejì. Nígbà tí eku kò bá ké bí eku mọ́, tí ẹyẹ kò sì ké bí ẹyẹ, àwọn baba wa mọ̀ pé ayé ti dàrú nìyẹn. Àwa olùkọ́ ni a wá fẹ́ mú ìdàrúdàpọ̀ náà wọ kíláàsì, tí a fi "ké" kan ṣoṣo bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa ni ó yẹ kí etí wa mú ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ìró gíga àti ìró ìsàlẹ̀. Orí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni èdè wa dúró lé. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í fi igbá pe ìgbà, kì í sì í fi igba pe ìgbá. Bí onílù bá mú kànàngó kékeré, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè fíofío, ẹni tí ó wà ní òkèèrè mọ̀ pé kì í ṣe ìyá-ìlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn tí ó ní irú etí báyìí ni a ń fún ní ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé adití ni wọ́n: wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ìró láìgbọ́ ìró rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọsẹ̀ lára. Àwọn atúmọ̀ ńlá pàápàá ti bá irú rẹ̀ jìjàkadì. Nínú ìwé Àìsáyà, orí 34, ẹsẹ 14, orúkọ kan wà ní èdè Hébérù tí kò tún sí níbòmíràn nínú gbogbo Bíbélì Hébérù. Àwọn atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 pè é ní "screech owl", òwìwí tí ń han. Àwọn tí ó tún un ṣe, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885, pè é ní ohun abàmì òru. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ tiwọn jáde ní 1952 pè é ní àjẹ́ òru. Ẹyẹ di abàmì, abàmì di àjẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti iṣẹ́ wọn bá lè yàtọ̀ síra báyìí lórí orúkọ kan, ta ni àwa tí a fi ìṣẹ́jú márùn-ún múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ kan tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan ti parí iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ tí a sì dárúkọ yìí rán wa létí ohun mìíràn. Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? A kò fẹ́ bá òwe jà, nítorí òwe náà ní ibi tí ó dára láti lò ó. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí ń ké lóru ni a ti dá lẹ́bi ikú tí ọwọ́ wọn kò sí nínú rẹ̀. Òwìwí ń ké sí aya rẹ̀, a ní àjẹ́ ni. Ọ̀wàwà ń kìlọ̀ fún ọ̀wàwà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé igi yìí ti ní olówó, a sì wọ inú ilé, a ti ìlẹ̀kùn. Ọmọ tí ó lè sọ pé, "Èyí ń gbó, èyí ń han, èyí ń kùn," ti mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì ti dín kù. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi kọ́ ọ nígbà náà.

A mọ̀ pé àtakò yóò wà. Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa yóò wí pé kí a má ṣe túmọ̀ rárá, kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí dára ní ibi tí ó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá fi "a loud high cry" túmọ̀ "shriek", ọmọ yóò túmọ̀ rẹ̀ sí "ké" nínú ọkàn ara rẹ̀ kí a tó gbé ẹfun kalẹ̀. Ìtumọ̀ kò sá. Ó kàn lọ fara pamọ́ sí ibi tí olùkọ́ kò ti lè tún un ṣe ni. Àwọn mìíràn yóò wí pé ìdánwò kò ní àyè fún gbogbo àlàyé yìí, pé ìdáhùn kan ni olùdánwò ń fẹ́. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin "squeak" àti "screech" ni yóò mú ìdáhùn kan náà yẹn láìṣiyèméjì, kì í ṣe èyí tí ó há ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí pẹ̀lú ìtumọ̀ kan. Àwọn kẹta yóò wí pé àkókò kò sí. Ó gba ìṣẹ́jú mélòó láti fi ẹfun fa pátákó, tàbí láti ṣí ìlẹ̀kùn tí ń dún? Àwọn ohun èlò ẹ̀kọ́ yìí kò ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀ kan.

Àtakò kan wà tí ó wúwo ju ìwọ̀nyí lọ, a kò sì ní fi pamọ́. Bí olùkọ́ bá ń gba ọ̀rọ̀ gbogbo ọmọ tí ó bá sọ pé ìwé ṣì, ìwé wo ni yóò kù? Àwọn ọmọ a máa purọ́, wọ́n a sì máa ṣì gbọ́. Òtítọ́ ni. A kò sọ pé kí ọmọ borí ìwé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí olùkọ́ má ṣe dájọ́ lórí ohun tí òun kò tíì gbọ́. Bí a bá ti sọ fún ọmọ náà pé, "Ó dára, a ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ," a kò bá ti tẹ́, ìwé kò bá sì ti tẹ́. Ìwé náà pàápàá kò purọ́: ẹni tí ó kọ ọ́ lè ti gbọ́ ọ̀wàwà ní ìkọjá Odò Ọya tàbí ní ìkọjá Volta, níbi tí ó ti ń han ní tòótọ́. Àwa ni a mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ibòmíràn, tí a fi dá ọmọ ilẹ̀ yìí lẹ́jọ́.

Ohun kan tún kù tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí di kánkán. Igbó ìjọba Olúwa wà nínú ilẹ̀ Odigbo yìí. Igbó Ọmọ wà ní apá Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí àjọ UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ní láti tọ́jú láti 1977. Erin ṣì wà nínú wọn, ìnàkí sì ṣì wà. Ṣùgbọ́n oko ń wọ inú igbó lọ́dọọdún, ẹ̀rọ tí a fi ń gé igi sì ń han láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ìró náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé agbègbè yìí mọ̀ jù lọ nísinsìnyí. Bí igi tí ó ní ihò bá tán, ọ̀wàwà kò ní ibi tí yóò gbé. Bí ọ̀wàwà bá sì lọ, ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní lè na ọwọ́ sókè láti sọ fún olùkọ́ pé ó ṣì. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni yóò kù, kò sì ní sí ẹlẹ́rìí kankan. Ẹtu kékeré kan tí a rí ní Togo, ní Benin àti ní Nàìjíríà gba orúkọ tirẹ̀ ní 2010, ọ̀wàwà gba tirẹ̀ ní 2021. Ta ni ó mọ èyí tí ń bẹ nínú igbó wa tí kò tíì ní orúkọ, tí àwọn ọmọ kan sì ń gbọ́ igbe rẹ̀ lálaalẹ́ láti orí ẹní wọn?

Ohun tí a rò pé ó yẹ kí a ṣe kò ṣòro. Ní àkọ́kọ́, kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ìró má ṣe kọ ìtumọ̀ kankan sí pátákó kí ó tó bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí ń dún bẹ́ẹ̀ ní ilé wọn. Èkejì, kí ó fi ẹni tí ó ni ìró náà kọ́ ọ: "shriek" pẹ̀lú ẹni tí ejò dẹ́rù bà, "squeal" pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀, "squeak" pẹ̀lú èkúté. Ẹ̀kẹta, kí ó béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, kí ó sì gbà bí àwọn ọmọ bá mú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta wá, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń sọ nínú ẹ̀ka èdè ilé wọn. Ẹ̀kẹrin, kí a ní ìwé kan nínú ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan tí a ó máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, pẹ̀lú orúkọ ẹranko tàbí ohun tí ó ni ìró náà. Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nígbà tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé ó ti parí.

Ní ti àwa, a ti kọ̀wé sí olùkọ́ tí ó ni kíláàsì náà. A bẹ̀ ẹ́ kí ó ka lẹ́tà wa sétígbọ̀ọ́ gbogbo àwọn ọmọ, àwọn tí ó bá wa rẹ́rìn-ín, kí ó sì dá máàkì tí a gé padà fún ọmọkùnrin náà. Ó ti dá wa lóhùn. Ó ní ọmọ náà gba máàkì rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó bi í léèrè bóyá àwa tí a kọ lẹ́tà náà ti wá gbọ́ ọ̀wàwà fúnra wa. A kò tíì gbọ́ ọ. Èyí sì ni ìtìjú wa tí ó kù: a ti kà nípa rẹ̀, a ti kọ̀wé nípa rẹ̀, a kò tíì jókòó sí etí igbó ní òru láti fetí sí i.

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́ etí wa kí a tó kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó padà lọ sí Araromi-Obu, a ó sì bẹ ọmọ náà kí ó mú wa lọ sí ibi tí ó ti ń gbọ́ ọ. Òun ni yóò jẹ́ tíṣà ní òru ọjọ́ náà, àwa ni yóò jókòó sílẹ̀.